Ẹ má pa Yorùbá mọ́ Kẹ́hìndé lẹ́nu nítorí ESOL

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Maryland ní Amẹ́ríkà ni a wà. Ìbàdàn la ti kó wá, ó di oṣù 5 báyìí. Ọmọ ọdún 8 ni àwọn ìbejì mi, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, kíláàsì kẹta ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ tí a lọ forúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kan tó ń béèrè èdè tí à ń sọ nílé. Mo kọ Yorùbá, torí òun là ń sọ. Bí wọ́n ṣe ní kí àwọn ọmọ wá ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Táyé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, yege. Kẹ́hìndé, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò yege, wọ́n bá fi í sí ESOL, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ èdè mìíràn nílé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ojoojúmọ́ ni tíṣà kan ń wá mú un jáde kúrò ní kíláàsì fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á, pé Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kí n kọ. Tíṣà kíláàsì rẹ̀ náà pè mí, ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká máa bá a sọ nílé. Bàbá wọn fẹ́ lọ buwọ́ lùwé kí wọ́n yọ ọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, mo ní, “Kẹ́hìndé, ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?” Ó sáré wá, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ṣé kí n pa Yorùbá tì ni? Èmi Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìrìn àjò. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè wọn. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn ní ṣókí ná kí n tó tú u palẹ̀, torí mo rí i pé ọkàn yín ò balẹ̀. Ẹ má pa Yorùbá tì. Òótọ́ tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn kò pa ọmọ yín lára. Kí Bàbá Ìbejì sì mú sùúrù, kí wọ́n má tíì buwọ́ lu nǹkan kan, títí ẹ ó fi gbọ́ ohun tí ilé ìwé máa sọ sí àwọn ìbéèrè tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ESOL nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ El Salvador, ọmọ Etiópíà, ọmọ Fẹtinámù àti àwọn ọmọ tiwa ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Irú lẹ́tà yín yìí, ó ti tó ìgbà mélòó kan tí ìyá kan ti sọ ọ́ sí mi létí nínú ọgbà ilé ìwé, pẹ̀lú omi lójú.

Fọ́ọ̀mù la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń dá yín lẹ́bi. Ìbéèrè bíi mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀: èdè wo lọmọ kọ́kọ́ sọ, èdè wo ló ń sọ jù, èdè wo làwọn àgbà inú ilé ń sọ. Gbogbo òbí tó bá fọmọ sílé ìwé ìjọba ni wọ́n ń fún, aláwọ̀ dúdú ni o, aláwọ̀ funfun ni o. Kò kan ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rárá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí mo mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn wa kọ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀. Láti ọdún 1982, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Plyler v. Doe, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ilé ìwé ìjọba ò lè tìtorí pé ọmọ ò níwèé ìgbélùú kó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ jọ ń sọ nílé, ẹ kọ méjèèjì. Ire ni ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yín ń fẹ́ fún yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ká ní ẹ gba ìmọ̀ràn yẹn ni, ìrànlọ́wọ́ tó jẹ́ ẹ̀tọ́ Kẹ́hìndé lẹ ò bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn òbí bíi tiyín ló jà kí ẹ̀tọ́ yẹn tó wà. Ní San Francisco, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọmọ Ṣáínà 2,856 ló wà nílé ìwé ìjọba tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí 1,000 nínú wọn ló ń rí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́tọ̀. Nǹkan bí 1,800 tó kù, ṣe ni wọ́n kó wọn jókòó sí kíláàsì kí wọ́n máa wo ẹnu tíṣà látàárọ̀ dọ̀sán. Àwọn òbí pe àwọn aláṣẹ ilé ìwé ìlú náà lẹ́jọ́. Orúkọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Kinney Lau ló wà lójú ìwé ẹjọ́ náà. Àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ní wọn ò jàre, pé ṣebí ìwé kan náà, tábìlì kan náà, tíṣà kan náà ni wọ́n fún gbogbo ọmọ. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò, láìku ẹnì kan, pé ìyẹn ò tó. Adájọ́ William Douglas ló kọ ọ́ sílẹ̀: bí ọmọ kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, pé wọ́n fún un níwèé kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ kan náà. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964 ni wọ́n gbé ìdájọ́ náà lé. Látìgbà yẹn, kò sí ilé ìwé ìjọba kan ní Amẹ́ríkà tó lè sọ pé kò kan òun bí ọmọ kan ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ ESOL, ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní ọmọ yín ò gbọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: kì í ṣe gbogbo ESOL ló dáa. Mo ti rí èyí tó gbé ọmọ dìde, mo sì ti rí èyí tó jẹ́ pé kí ọmọ máa fi pẹ́ńsù aláwọ̀ kun àwòrán ajá àti ológbò ni wọ́n ń bá a ṣe, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ìṣirò lọ́wọ́.

Ṣé kì í ṣe pé ó ń yà yín lẹ́nu bí ọmọ méjì tó jọ sùn sínú ikùn kan ṣe gba máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Kò ya èmi lẹ́nu. WIDA ni ìdánwò tí wọ́n ń lò ní Maryland. Yunifásítì Wisconsin ní Madison ló ti ń wá, ìpínlẹ̀ tó sì lé ní 30 ló ń lò ó. Texas, California àti New York ní tiwọn lọ́tọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi ń yẹ ọmọ wò: gbígbọ́, sísọ, kíkà, kíkọ. Máàkì bẹ̀rẹ̀ látorí 1, ó sì dé 6. Ẹ fojú inú wo ti sísọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọmọ létí, àwòrán yọ lójú kọ̀ǹpútà, ohùn ẹnì kan tí kò rí rí ní kó sọ ohun tó rí. Ọmọ tó bá ń rojọ́ ló ń gba máàkì níbẹ̀. Ọmọ tó bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó tọ́ fèsì, tó sì panu mọ́, máàkì rẹ̀ ò ní lọ sókè. Wàyí o, ọmọ Yorùbá tí ẹ kọ́ nílé pé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, tí ẹ kọ́ pé kó fojú sílẹ̀ bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Àwọn àgbà wa sọ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá jíṣẹ́ fún òun. Tiyín ò ṣe ju ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ lọ. Ó ń wo ibẹ̀ kó tó lanu ni.

Gẹ̀ẹ́sì tí a gbé wá láti ilé náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ wa á pe lẹ́tà tó kẹ́yìn ní zed, wọ́n ní zee ni. Á kọ colour, wọ́n á fi bírò pupa pa lẹ́tà u rẹ́. Á pe màmá rẹ̀ ní “he”, tíṣà á rò pé orí rẹ̀ dàrú, bẹ́ẹ̀ “ó” tí à ń lò ní Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin. Tíṣà tó mọṣẹ́ á mọ̀ pé ètò èdè kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló gbà láti ṣàlàyé èyí fún un bí kò bá mọ̀, ẹ má sì tijú láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ ò bi mí: ní ti gidi, Táyé lèmi á máa ṣọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà, Jim Cummins, ti ń ṣàlàyé láti òpin àwọn ọdún 1970 pé Gẹ̀ẹ́sì oríṣi méjì ló wà fún ọmọ tó ń kọ́ ọ. Èkíní ni ti pápá ìṣeré: fún mi ní bọ́ọ̀lù, ó kàn mí, jẹ́ ká lọ. Ọmọ lè gbọ́ ìyẹn láàárín ọdún kan sí méjì. Èkejì ni Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé: ṣàlàyé ìdí rẹ̀, fi méjèèjì wéra, kí lẹ rò pé ó fà á. Ìyẹn máa ń gbà tó ọdún márùn-ún sí méje kí ọmọ tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ yá máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì pápá bo àìsí Gẹ̀ẹ́sì ìwé mọ́lẹ̀, àwọn tíṣà á sì rò pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Bí ìwé ṣe ń le sí i ní kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún, ló máa wá hàn. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ Táyé pé kó ka ojú ewé kan fún yín, kó wá fi Yorùbá sọ ohun tó kà. Bó bá sọ ọ́ dáadáa, ọkàn yín á balẹ̀. Bó bá ń gé e kúrú tó ń sá fún un, ẹ lọ bá ilé ìwé sọ̀rọ̀ nípa tiẹ̀ náà.

Ó wá kan ìwé tí Bàbá Ìbejì fẹ́ buwọ́ lù. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òbí lè sọ pé òun ò fẹ́ ESOL fún ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: orúkọ Kẹ́hìndé ò ní kúrò lórí àkọsílẹ̀. Ọdọọdún, lásìkò òtútù, wọ́n á ṣì máa pè é wá ṣe ìdánwò, títí á fi gba máàkì tí ìpínlẹ̀ yín fi lélẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ nìkan lẹ máa yọ. Ìdánwò ò yọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n dúró ná.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ lọ bá wọn jókòó. Àwọn ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n, ilé ẹjọ́ ló ti là wọ́n sílẹ̀. Bàbá kan láti Raymondville ní Texas, Roy Castañeda, pe ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ibẹ̀ la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ láti mọ̀ bí ilé ìwé bá ń ṣe ojúṣe rẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lò ó káàkiri títí dòní. Ẹ bi wọ́n pé: ọ̀nà wo lẹ ń gbà kọ́ ọmọ mi, kí ló sì jẹ́ kí ẹ gbà pé ọ̀nà náà dáa? Ẹ bi wọ́n pé: ta ló ń kọ́ ọ, ṣé ó gba ìwé ẹ̀rí ESOL, ọmọ mélòó ló wà níwájú rẹ̀ pọ̀, ìwé wo ni wọ́n ń kà? Ìbéèrè kẹta ló ń ká wọn lára jù, torí náà ẹ má gbàgbé rẹ̀: báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo lẹ sì máa sọ fún mi?

Ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tèmi mọ́ ọn: iṣẹ́ wo ni àwọn ẹgbẹ́ Kẹ́hìndé ń ṣe ní ìṣẹ́jú 30 tí ẹ fi ń mú un jáde? Bó bá jẹ́ ìṣirò tàbí ìwé kíkà, ẹ ní kí wọ́n yí àkókò náà padà, tàbí kí tíṣà ESOL wá bá a nínú kíláàsì, kó jókòó tì í níbi tí àwọn yòókù wà. Ilé ìwé púpọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹ béèrè lẹ́tà tó yẹ kí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́. Òfin ní kí ó dé ọwọ́ òbí láàárín ọjọ́ 30, kí ó sì sọ ìdí tí wọ́n fi mú ọmọ, ipele tó wà, àti ohun tó máa ṣe kó tó jáde. Bí Gẹ̀ẹ́sì inú lẹ́tà náà bá le, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀. Ẹ má sọ Táyé di ògbufọ̀ níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìkejì rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá nǹkan kan ń ṣe ọpọlọ Kẹ́hìndé, ẹ dá wọn dúró. Òfin ní kí wọ́n fi èdè tí ọmọ gbọ́ jù yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá ṣeé ṣe. Ní California, wọ́n pẹjọ́ ní 1970 lórí àwọn ọmọ ìran Mẹ́síkò mẹ́sàn-án kan tí wọ́n kó sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán wọn wò. Nígbà tí wọ́n fi Sípáníìṣì dán wọn wò, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò jẹ́ ọmọ kíláàsì yẹn rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ tíṣà tó ní kẹ́ ẹ má sọ Yorùbá mọ́. N óò sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tíṣà kan mú ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún 8 bíi tiyín. Ó ní ọmọ náà ò mọ ìyọkúrò. Ó fi ìwé hàn mí. Ana ní pẹ́ńsù 12, Ben ní 7, wọ́n wá ń béèrè iye tí ti Ana fi pọ̀ ju ti Ben lọ. Ọmọ kọ 19. Mo gba ìwé náà, mo jókòó sórí àga kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní, “Mélòó ni ti Ana fi ju ti Ben lọ?” N kò tíì panu dé tó fi ní, “Márùn-ún.” Mo ní báwo ló ṣe wá jẹ́ 19 lo kọ. Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà, “more”. Ó ní ìyẹn ni wọ́n máa ń sọ ní ilé oúnjẹ ilé ìwé bí wọ́n bá fẹ́ bu ìrẹsì sí i. More, fi kún un. Ó sì fi kún un.

Ọmọ yẹn mọ ìyọkúrò. Ó mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, látilé, láti ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń ka owó. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni kò tíì yé e tán, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ ìṣirò lójú tíṣà rẹ̀. Ká ní wọ́n ti gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ yẹn ni, ibo ni mo fẹ́ gbà mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀? Ohun tí ọmọ bá ti mọ̀ ní Yorùbá, orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ló kù kó kọ́. Èyí tí kò bá mọ̀ ní èdè kankan, orúkọ rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ ni yóò jọ kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

A sì ti dán èyí wò nílé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kejì, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn bí ìjọba ṣe ń ṣe é, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tó kù. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà ló mókè, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá ò sì rẹ̀yìn sí tàwọn yòókù. Mo mọ̀ pé Maryland kì í ṣe Modákẹ́kẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi Yorùbá kọ́ Kẹ́hìndé ní sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, ẹ ní kó wá ṣàlàyé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

N kò rò pé tíṣà yín ní inú burúkú. Ó fẹ́ kí ọmọ tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì mọ̀ pé ilé kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti máa wá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lásán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe àṣẹ. Ní Nebraska, ní 1919, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi èdè ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ọmọ kékeré. Wọ́n mú tíṣà kan, Robert Meyer, torí ó ń kọ́ ọmọ ọdún 10 kan ní ìwé kíkà ní èdè Jámánì, wọ́n ní kó san dọ́là 25. Kò san án. Ó bá ẹjọ́ náà lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dá a láre ní 1923. Bí òfin ìpínlẹ̀ kò bá lè dá a dúró nílé ìwé, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró nínú yàrá ìdáná yín. Ẹ fi ẹ̀rín dá tíṣà lóhùn. Ẹ ní, “A ó máa sọ Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún mi.” Bó bá jẹ́ bí kòkòrò tó ń jẹ ewé ṣe ń di labalábá ni, ẹ jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ Ajé, Kẹ́hìndé á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí tíṣà tó lanu.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá yín sọ òótọ́ kan tó lè ta yín lára. Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wa ń bá ọmọ sọ nílẹ̀ yìí ti gbẹ. Wá jẹun. Lọ wẹ̀. Pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Dìde, ilẹ̀ ti mọ́. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn wa, a ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, àṣẹ nìkan ló ń ṣẹ́ kù lẹ́nu wa. Yorùbá àṣẹ ò lè ṣe iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí. Ẹ bi í pé kí ló dé tó fi rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn tó rí nínú fíìmù fún yín, kẹ́ ẹ sì máa já a ní koro. Ẹ ge búrẹ́dì níwájú rẹ̀, ìdajì, ìdá mẹ́rin, ẹ ní kó sọ èyí tó pọ̀ jù láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àti ìdajì. Ẹ pa àlọ́ ìjàpá, kẹ́ ẹ sì dúró lágbede méjì pé kó sọ ohun tó rò pé ìjàpá máa ṣe. Ẹ kọ́ ọ láti kà á pẹ̀lú. Ìwé Yorùbá rọrùn fún ọmọ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí lẹ́tà wa kì í tan ọmọ jẹ. Ẹ kọ igba, igbá, ìgbà àti ìgbá sórí ìwé kan, kó pè wọ́n tẹ̀lé àmì orí wọn. Ọmọ ọdún 8 máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lálẹ́ ti tó. Bó bá gbọ́ ọ dé kíláàsì kejìlá, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Maryland náà sì wà nínú wọn, máa ń lẹ èdìdì mọ́ ìwé ẹ̀rí ọmọ tó bá gbọ́ èdè méjì yè kooro, ó lè kà á, ó lè kọ ọ́.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó fi bò yín lẹ́nu sẹ́yìn torí kò rọrùn fún mi láti sọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 9, ní ilé ìwé kan nílé lọ́hùn-ún, pátákó kékeré kan wà tí wọ́n fi okùn sí. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ni wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́, kó lè gbé e kọ́ òun náà lọ́rùn. Ọmọ tó bá gbé e lọ sílé lálẹ́, ẹgba ń dúró dè é láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wà lọ́rùn mi, ọjọ́ ti ń lọ. Mo ń tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kiri, mo ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kọ òkúta nínú pápá, ó ní, “Yéè, ìyá mi o!” Mo bọ́ pátákó, mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ń fi ọwọ́ kan di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo ṣì ń rí ojú tó fi wò mí.

Kò sí ẹni tó gbé pátákó kọ́ Kẹ́hìndé lọ́rùn. Òun ló fi ojú ara rẹ̀ rí i pé èdè ìyá òun ni wọ́n torí rẹ̀ ń mú òun jáde lójoojúmọ́, tí wọn ò mú Táyé. Ìṣirò tí ọmọ náà ṣe nìyẹn, ìṣirò náà kò sì tọ́. Nítorí náà, ẹ má nà án, ẹ má sì bú u. Ẹ mú un dání nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan bá wà, ẹ sọ fún un kedere pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ kọ́ lọ́dọ̀ tíṣà yẹn, Yorùbá kọ́ ló lọ fi sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé èdè méjì ló ń wọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ àgbà ni. Kí Táyé gbọ́ ọ pẹ̀lú, torí ìbejì ń fi ara wọn wéra ju bí a ṣe ń rò lọ.

Kẹ́ ẹ tó lọ síbi ìpàdé, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí tíṣà ESOL rẹ̀. Ẹ ní kó jẹ́ kí Kẹ́hìndé kọ́ àwọn tó kù ní bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn láàárọ̀ ní Yorùbá. Èmi máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà láti kọ ìkíni èdè rẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ wa kan tí kò sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ fún oṣù mẹ́ta, lọ́jọ́ tí tíṣà mìíràn kọ “E kaaro” sí bébà rẹ̀, ó dìde láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ, ó fi ti òkè náà sí i, ó sì lọ jókòó. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ yẹn pàtẹ́wọ́ fún un.

Tí ẹ bá ti bá ilé ìwé sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi padà. Ohun tí wọ́n fèsì sí ìbéèrè kẹta yẹn ni mo fẹ́ mọ̀ jù. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, ẹ sì bá mi kí àwọn ọmọ.